Ẹ fún ẹni tuntun níṣẹ́ kékeré

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa láti máa fi fọ́tò ìlú wa sórí Wikimedia Commons, ìkànnì tí wọ́n ń kó fọ́tò tí gbogbo ayé lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ sí, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú ló ń tì wọ́n. Ẹ yan iṣẹ́ kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: kó fi fóònù ara rẹ̀ ya ọjà Jagun tàbí iwájú ààfin Ṣọ̀ún, kó kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ tó yà á. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè lo fọ́tò náà, títí kan oníṣòwò. Tó bá ṣàṣìṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ jọ tún un ṣe. Bíbá wọn wí lójú gbogbo èèyàn ló ń lé wọn lọ.