Omi Ọyàn Ò Tó? Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Àṣìṣe Yìí

"Omi ọyàn mi ò tó ọmọ." Ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu ìyá ìkókó, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Òótọ́ ni nígbà míì. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, omi ọyàn náà tó. Ohun tí ìyá ṣe nígbà tí àyà rẹ̀ já ló wá dín in kù.

Ọmú kì í ṣe ìkòkò tí à ń rọ omi sí kó lè kún. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ara ìyá ń ṣe é. Bí ọmọ bá ti ń fa ọmú, ọpọlọ ìyá á tú èròjà méjì sínú ẹ̀jẹ̀: prolactin tó ń pèsè omi ọyàn, àti oxytocin tó ń tì í jáde. Bí omi ọyàn bá wá jókòó pẹ́ nínú ọmú, ara á gbà pé kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀, á sì dẹwọ́.

Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣèdájọ́. Ohun tó ń jáde nígbà yẹn kéré, ó ki, ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ ọjọ́ kan kì í sábà mu ju nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ yẹn ló bá a mu, ó sì kún fún èròjà tó ń gbógun ti àrùn. Ẹ má fún un dànù. Omi ọyàn sábà máa ń pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ó lè pẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tó bí àkọ́bí.

Àṣìṣe tó ń ṣe ọṣẹ́ jù lójú tèmi ni fídà tí wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ fi ran ọmú lọ́wọ́. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ ń ké, ó fa ọmú, ó jù ú sílẹ̀, ó tún ń wá a. Gbogbo ilé dá sí i: "Ebi ló ń pa ọmọ yìí!" Wọ́n po wàrà agolo, ọmọ gbé e mì, ó sùn fún wákàtí mẹ́rin. Oníkálukú mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún gbogbo àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó fa ọmú. Lọ́jọ́ kejì omi ọyàn dín díẹ̀, ọmọ ké sí i, fídà di méjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìyá á ní, "Ṣé ẹ rí i, mo ti sọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìkókó ló máa ń fẹ́ mu ọmú léraléra lálẹ́, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń yára dàgbà, bíi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ ń béèrè ni, kí ti ọ̀la lè pọ̀ sí i.

Tí dókítà bá ní kí ẹ fi wàrà agolo kún un torí ìwọ̀n ọmọ, ẹ má bá a jiyàn o. Ẹ fi kún un. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí ọmọ bá mu fídà, ẹ fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ fún ọmú, kí ara má bàa rò pé iṣẹ́ ti tán. Ní ti omi lásán, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò rẹ̀ rárá. Ńṣe ló ń gba àyè omi ọyàn nínú ikùn.

Ẹ má sì fi aago bọ́ ìkókó. Ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24 ni ọmọ tuntun sábà máa ń mu ọmú. Tó bá ń ti ọwọ́ bọ ẹnu, tó ń lá ètè, tó ń yí orí kiri, ebi ti ń pa á nìyẹn. Ẹkún ló ń gbẹ̀yìn. Ti òru gan-an ṣe pàtàkì, torí prolactin máa ń ga sí i lóru. Mo mọ̀ pé oorun dùn. Ẹ bẹ ẹlòmíì kó gba ọmọ lọ́wọ́ yín lọ́sàn-án kí ẹ lè sùn.

Ẹnìkan lè fún ọmọ lọ́mú ní ìgbà 12 lóòótọ́ kó má sì rí nǹkan kan jáde, torí ọmọ ò gbá ọmú mú dáadáa. Orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ kó kọjú sí yín, ikùn rẹ̀ mọ́ ikùn yín, kí imú rẹ̀ dojú kọ orí ọmú. Ẹ dúró kó ya ẹnu gbàgà, kí ẹ wá fà á mọ́ra, kí àgbọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ kan ọmú, kí púpọ̀ nínú dúdú tó yí orí ọmú ká sì wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kún, ẹ ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Tó bá ń dùn yín títí tó fi mu ún tán, tàbí tí orí ọmú jáde ní pẹrẹsẹ, ẹ ti ìka bọ igun ẹnu rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ń gbára lé kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmú tó rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó gbẹ. Ara ti mọ ìwọ̀n tí ọmọ ń mu ni. Ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ fún jáde náà kò sọ ohun tí ọmọ lè fà. Ilédìí ni kí ẹ máa wò. Láti ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kó tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́ ó kéré tán, kí ìtọ̀ náà má pọ́n, kí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti di ìyeyè. Ọmọ tuntun máa ń fọn díẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ìwọ̀n ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti padà tí yóò bá fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti ohun tí ìyá ń gbé mì: ẹ jẹun kánú, ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Omi àmuyó kò ní sọ ọ́ di púpọ̀. Ọtí ń dènà bí omi ọyàn ṣe ń tú jáde, ẹnikẹ́ni tó bá ní bíà ń mú un wá ń tàn yín. Ẹ má ra oògùn afikún-ọyàn fúnra yín. Domperidone tí àwọn kan ń lò lè da ìlù ọkàn rú. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine, àti oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí tó ní estrogen, lè dín omi ọyàn kù, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú.

Àwọn kan wà tí omi ọyàn wọn kò tó lóòótọ́, tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn: ẹni tí ibi ọmọ ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí lọ́mú rí. Tí ọmọ ò bá tọ̀ dáadáa, tó ń sùn jù débi pé kò jí mu ọmú, tàbí tí ẹyin ojú rẹ̀ di ìyeyè bí ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọmọ, kí nọ́ọ̀sì sì jókòó wo bó ṣe ń mu ọmú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi jù ú sílẹ̀. Ẹni tó kàn tẹ ọmú yín, tó ní "omi wà níbẹ̀", kò tíì yẹ̀ yín wò.