Bí mo ṣe tún ọpọ́n ayò wa ṣe

Ọyẹ́ mú ní Iléṣà o! Ètè wa là, ọpọ́n ayò wa náà là láti ilé kẹta dé ìkẹrin, ọmọ ayò wá ń há síbẹ̀. Àwa tá a ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wo la tún ní láàárọ̀?

Mo kọ́kọ́ fi òrí pa á. Àṣìṣe gbáà! Gọ́ọ̀mù kì í mú igi tó lọ́ràá. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo sá a fún ọjọ́ méjì. Mo wá po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, mo kì í bọ ojú ibi tó là, mo fi rọ́bà dì í pinpin. Nígbà tó gbẹ, mo fi sáńpépà ra á, kí n tó fi àdín pa á.

Gbogbo ọmọ ayò 48 ló pé. Bàbá Tíṣà fọwọ́ pa á wò, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ló bá jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì.