Rọ́bà kékeré méjì: bí mo ṣe rí ibi tí Ìjàpá bàbá mi ti ń jò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí kalẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì sanwó. ₦65,000 lákọ̀ọ́kọ́, ₦50,000 lẹ́ẹ̀kejì, torí mẹkáníìkì ní òun ń ṣàánú mi. Nínú gbogbo owó yẹn, kò sí kọ́bọ̀ tó kan ibi tí ọ́ìlì ti ń jò.

Volkswagen Beetle tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ni. Lọ́dún 1981 ni bàbá mi rà á, lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó lọ́dún 1975. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá kọ́ ló wà nínú rẹ̀ mọ́ o. 1600 Tòkunbọ̀ ni Bàbá fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ṣà lára páàtì ti àtijọ́ mọ́ ọn. N kò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti máa wá.

Lítà ọ́ìlì méjì ààbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà. Kò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú. Ìdajì lítà ni mo sì ń bù sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ilẹ̀ ibi tí mo ń gbé e sí dà bí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Mẹkáníìkì tẹ̀ ba, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀, kò lò tó ìṣẹ́jú kan. "Àǹtí, ọ́ìlì sííl ẹ̀yìn flywheel ni. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣàì jò." Flywheel ni irin rìbìtì tó wà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, ibẹ̀ sì ni ọ́ìlì ti ń kán lóòótọ́, nítorí náà mo gbà. Ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó ra odindi kíìtì gáásìkẹ́ẹ̀tì, ó pààrọ̀ sííl. Ọjọ́ kejìlá, páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ ti rin gbingbin. Ó ní ayédèrú ni sííl tí a rà. Ta ló rà á? Òun náà ni! Ó tún tú u, ó ra òmíràn, ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún bí ẹni ń rẹ́ ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó ro ó. Bí sííl ẹ̀yìn flywheel bá ń jò tó báyẹn, ọ́ìlì á dé ara kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀. Tèmi kò yọ̀ rárá, àní lórí òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní físíìsì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, n kò ronú kan ìyẹn kí n tó ná ₦115,000.

Mo fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà títí irin fi hàn, mo jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, mo gba pàúdà ọmọ àbúrò mi, mo fọ́n ọn sí abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. Mo wà á dé Bódìjà, mo wà á padà. Mo sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù àti dígí kékeré tí mo fi ń wo ojú.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi sìlíńdà kẹta, pàúdà ti di ẹrẹ̀, láti òkè wá. Ọ́ìlì náà ń ṣàn gba ara sìlíńdà bọ̀ wá sísàlẹ̀ lọ sẹ́yìn, kó tó wá máa kán níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i. Kí ló wà lókè sìlíńdà kẹta? Kúlà ọ́ìlì, èyí tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kó lè tutù. Mo pariwo lábẹ́ ọkọ̀ débi pé aládùúgbò sáré jáde, ó rò pé ọkọ̀ jábọ́ lé mi.

Bí èmi àti àbúrò mi ṣe sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kò tó ohun tí à ń ròyìn: ẹ yọ orí bátìrì, ẹ dí ọ̀pá pẹtiróòlù, ẹ tú bóòtù mẹ́rin, jáàkì àti táyà àlòkù á gbà á. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló di kúlà mú. A gbé e kúrò, a sì rí i: rọ́bà méjì tó wà láàárín kúlà àti ẹ́ńjìnnì ti fún pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gọ́ọ̀mù àtijọ́ ló gbá wọn mú. Ẹ̀rún gọ́ọ̀mù kan náà ni a bá lára asẹ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra rọ́bà méjì?

Mo ra méjì ní Gate. Ó ń yí kiri nínú ihò rẹ̀ bí àgbàdo nínú ìkòkò. Mo padà lọ, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀kan ṣoṣo ni ti Beetle, kò sí irú méjì. Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ladipọ̀, ọjà páàtì l'Ékòó. Wọ́n fún mi ní èyí tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyẹn wọ ara ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n kò bá ihò kúlà mu. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ́ńjìnnì fi wà lórí táyà nínú gáréèjì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń rí mi lórí ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi nígbà tí mo mú ẹnu ìlu tí wọ́n fi ń lu irin wọn ihò. Ti 10 mm wọ ihò ara ẹ́ńjìnnì. Kò wọ ti kúlà. 8 mm nìyẹn gbà. Kúlà irú ti ṣáájú 1970 ni Bàbá gbé lé ẹ́ńjìnnì irú ti ẹ̀yìn 1970. Rọ́bà tó ní àtẹ̀gùn lára, tí apá kan fẹ̀ tí apá kejì sì tín-ín-rín, ni irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó ní in lọ́jà, tàbí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ní in.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni mo ṣí bùútù iwájú láti mú sípánà. Ọ̀rá kan wà lábẹ́ táyà àfipamọ́, àjẹkù kíìtì gáásìkẹ́ẹ̀tì tí mẹkáníìkì sọ síbẹ̀. Oríṣi rọ́bà kúlà mẹ́ta wà nínú rẹ̀, méjì méjì. Ọ̀kan nínú wọn ní àtẹ̀gùn. Mo ti sanwó rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo sì lọ wá a dé Èkó.

N kò lè sọ ohun tí mo sọ jáde lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

A fi sí i láìkùn gọ́ọ̀mù kankan, a rọra di nọ́ọ̀tì náà. Ẹ má fi agbára di í, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kúlà náà. Tí ẹ bá ra kíìtì, ẹ gba àjẹkù rẹ̀, kí ẹ sì tú u wò kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Èkó. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì yín kalẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹta rèé tí a ti ṣe é. Páálí ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán méjì ló wà lórí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi ìdérí fáàfù. Gáásìkẹ́ẹ̀tì ìyẹn náà wà nínú ọ̀rá, mo ti wò ó.