Sẹ́ńsọ̀ sítíárìn tí wọ́n ní ó ti kú

Wọ́n ti gba owó sẹ́ńsọ̀ tuntun lọ́wọ́ mi, wọ́n ti gba owó iṣẹ́ lé e, kó tó hàn pé kò sóhun tó ṣe èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀. Wheel alignment lásán, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè kọjú síwájú dọ́gba, ni mo lọ ṣe o. Bí mo ṣe wa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, iná tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, sítíárìn sì dà sápá òsì díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà tààrà ni mo wà. Mo yí padà. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bi àwọn, pé sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí sítíárìn ṣe yí ló kú. Mo rà á, wọ́n fi sí i, iná ò kúrò. Ni ọ̀gá wọn bá ní á jẹ́ pé kọ̀ǹpútà búréèkì ni, ká pààrọ̀ ìyẹn náà. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo gba sẹ́ńsọ̀ àtijọ́, mo bá tèmi lọ.

Níbo ló tiẹ̀ wà? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọrùn sítíárìn ni, lábẹ́ ike tó bo ìdí ọ̀pá tiráfíkétọ̀ àti wáípà. Wọ́n sábà máa ń so ó pọ̀ mọ́ clock spring, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ká bí ẹní sínú ike róbótó, tó ń gbé iná lọ sí hóònù àti airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde nígbà ìjàǹbá) bí sítíárìn ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan wà tí tiwọn wà lára mọ́tò iná tó ń ran sítíárìn lọ́wọ́; ẹni tó bá tú ọrùn sítíárìn irú wọn ṣiṣẹ́ òfo ni. Ìwé àtúnṣe ti ọkọ̀ yín gan-an, ti ọdún rẹ̀ gan-an, ni kí ẹ wò. Àwòrán ọkọ̀ tó jọ ọ́ kò tó.

Ọgbọ́n tó wà nínú nǹkan náà wú mi lórí. Nínú irú èyí tó ń lo òòfà, sítíárìn ń yí jíà kékeré méjì tí iye eyín wọn ò dọ́gba, òòfà sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé wọn kì í yí dọ́gba, ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń sọ bí sítíárìn ṣe yí tó, kódà bó bá ti yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kọ̀ǹpútà búréèkì á wá fi èyí wé bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré àti bí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń yí. Bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún tí ọkọ̀ ń yọ̀ lọ síwájú, á fún búréèkì táyà kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ láti dá yín padà. Tèmi wá rèé: sẹ́ńsọ̀ ń sọ pé mò ń yà sápá kan, àwọn yòókù ń sọ pé tààrà ni mò ń lọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tí ì bá gbà gbọ́, ó tan iná, ó ti ètò náà pa.

Sikánà kékeré tí mo ní, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, ò rí nǹkan kan, torí kóòdù ẹ́ńjìnnì tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P nìkan ló ń kà. Ti sẹ́ńsọ̀ yìí sábà máa ń jẹ́ C tàbí U. Mo yá èyí tó ń wọ kọ̀ǹpútà búréèkì. Ọkọ̀ kọjú síwájú gbọọrọ, sikánà ń ka dìgírì 11. Mo yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, nọ́ńbà ń tẹ̀ lé e láìfò. Òkú kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Mo gbé e lọ bá àwọn alignment mìíràn, wọ́n fi tie rod, ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ táyà, mú sítíárìn dúró ṣánṣán. Nọ́ńbà wálẹ̀ sí 4, kò dé òdo, nítorí kò sẹ́ni tó tíì fi ibi tí òdo ọkọ̀ mi wà han sẹ́ńsọ̀ tuntun náà.

Fífi òdo yẹn hàn án ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Ìwé sọ pé kí ọkọ̀ wà ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà kọjú síwájú, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON láìtan ẹ́ńjìnnì, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan sítíárìn. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Sikánà ní kò ṣeé ṣe. Mo tún un ṣe, kò ṣeé ṣe. Mo sún ọkọ̀ síbòmíràn, mo pa gbogbo ilẹ̀kùn dé, mo dúró síta kí ara mi má baà mi ọkọ̀. Kò ṣeé ṣe! Kò sọ ìdí kankan, ọ̀rọ̀ pupa yẹn náà ló ń gbé wá.

Nígbà tí inú ti ń bí mi gan-an ni mo ṣí ojú ewé mìíràn lórí sikánà kan náà, mo rí i pé iná bátìrì ti já sí fóòtì 11.6, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 12.6 tó bá kún. Kọ́kọ́rọ́ tó ti wà ní ON láti ìgbà yẹn ló fà á gbẹ. Mo so ṣájà mọ́ ọn, mo dúró, mo tẹ̀ ẹ́: kíá ló gbà. Nọ́ńbà di òdo, iná kú. Sikánà mọ iye iná bátìrì, kò kàn rí i sọ ni! Ẹ so ṣájà mọ́ bátìrì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nítorí oríkunkun, mo tú u, mo dá sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ padà. Títú náà ò le bí a bá yọ orí negative bátìrì, tí a dúró fún àkókò tí ìwé sọ kí airbag tó ṣeé fọwọ́ kàn, tí a sì rí i pé clock spring ò yí kúrò ní àárín. Mo fi òdo hàn án, ó gbà, iná ò padà. “Òkú” yẹn ló wà nínú ọkọ̀ báyìí. Wọ́n kọ̀ láti gba tuntun padà. Wọ́n ní ohun tí iná bá ti kàn kì í padà.

Ẹni tí iná rẹ̀ bá tàn lẹ́yìn alignment, kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sítíárìn han òun lójú sikánà kó tó ná kọ́bọ̀. Bó bá ń tẹ̀ lé ọwọ́ láìfò, òdo ni kí wọ́n wá. Àwọn ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé kí ẹ yí sítíárìn dé òpin ọ̀tún àti òpin òsì ti tó wọn. Tèmi kò sí lára wọn.