Bí Obìnrin Òṣìṣẹ́ l'Abuja Ṣe Lè Pẹjọ́ Nítorí Owó Oṣù Tí Kò Dọ́gba

Kí ẹ tó wá lọ́yà, ẹ kọ́kọ́ wá ọkùnrin tí ẹ máa fi ara yín wé. Ibẹ̀ ni irú ẹjọ́ yìí ti máa ń fìdí rẹmi. Kí ó jẹ́ pé iléeṣẹ́ kan náà ló gbà yín, kí iṣẹ́ yín jọra, kí ìgbà tí ẹ wọlé má jìnnà síra. Bí ó bá fi ọdún márùn-ún ṣáájú yín, tàbí tó ní ìwé ẹ̀rí tí ẹ ò ní, ohun tí wọ́n máa gbé síwájú adájọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá rí ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta, ó sàn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ ohun tí kálukú ń ṣe lójúmọ́, wákàtí rẹ̀ àti iye tó ń gbà. Orúkọ ipò nìkan ò tó.

Níbi iṣẹ́ ìjọba, grade level àti step ló ń pinnu owó, nítorí náà inú ìgbéga tí wọ́n fà sẹ́yìn ni ìrẹ́jẹ máa ń fara pamọ́ sí. Ní iléeṣẹ́ aládàáni ní Wuse tàbí Garki, ẹ wo owó àjẹmọ́nú: owó ilé, owó ọkọ̀, owó ìsinmi. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún odidi ọdún kan kí ẹ tó fi wéra.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìwé jọ: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, payslip, àti statement tí báńkì lu òǹtẹ̀ sí. Ilé yín ní Kubwa tàbí Lugbe ni kí ojúlówó wà, torí wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ wọ géètì mọ́ lọ́jọ́ tí ìwé ẹjọ́ bá dé. WhatsApp àti email tí ẹ tẹ̀ sórí ìwé nílò ìwé ìjẹ́rìí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 sọ; láìsí i, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí fáìlì ẹlòmíràn wò. Lọ́yà lè ní kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n kó o jáde.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Lilly Ledbetter ṣiṣẹ́ ọdún 19 ní iléeṣẹ́ táyà kan ní Alabama, l'Amẹ́ríkà, ó sì pẹjọ́ pé owó òun kéré sí ti ọkùnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ òun. Ní 2007, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà da ẹjọ́ rẹ̀ nù, adájọ́ 5 sí 4, pé ọjọ́ 180 tí òfin fún un ti kọjá. Ó dunni gan-an. Ọdún 2009 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Níbí, bó bá jẹ́ ìjọba lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́, ẹ gbìyànjú kó má kọjá oṣù mẹ́ta, torí òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba (Public Officers Protection Act), tó fi oṣù mẹ́ta sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ nà mọ́ yín.

Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá dákẹ́, National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ní Garki ló kàn. Kí lọ́yà yín má dúró lórí abala 17 ìwé òfin ọdún 1999 nìkan. Lóòótọ́ ó sọ pé kí owó dọ́gba fún iṣẹ́ tó dọ́gba, ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí a fi pẹjọ́. Abala 254C ìwé òfin kan náà, tó fún ilé-ẹjọ́ yìí lágbára, àti àdéhùn nọ́ńbà 100 ti ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, ni agbára wà. Bí owó ò bá sí, ẹ lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, tàbí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà.

Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìbínú. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, lọ́yà ni kó kọ́kọ́ kà á kí bírò yín tó kan ìwé.