Àṣìṣe tó ń sọ soakaway di ọ̀tá kànga

Láwọn ìlú kékeré wa, ṣáláńgá ń dín kù, ilé ìgbẹ́ olómi ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí páìpù ìjọba tó ń gba omi ìdọ̀tí láti ojúlé dé ojúlé. Inú ọgbà onílé ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí, nítòsí kànga tí wọ́n ń pọn mu.

Àṣìṣe tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ni kí wọ́n gbẹ́ ihò kan ṣoṣo, kí wọ́n da ìgbẹ́ àti omi pọ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n pè é ní soakaway. Ihò méjì niṣẹ́ yìí gbà. Àkọ́kọ́ ni táǹkì, tí wọ́n rẹ́ nílẹ̀ àti lára kó má baà jò. Ibẹ̀ ni omi ti ń tòrò: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó. Omi àárín nìkan ló yẹ kó kọjá sí ihò kejì, tí í ṣe soakaway gan-an, kí ilẹ̀ mu ún. Táǹkì kì í sọ omi di mímọ́, erùpẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Bí ìgbẹ́ bá bá omi dé ihò kejì, á dí ojú erùpẹ̀ pa. Kíkó o lásán kì í sábà tún un ṣe, ihò tuntun lẹ máa wá owó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí bírìkìlà ti páìpù gbọọrọ lásán wọ inú táǹkì. Orí T, ìyẹn páìpù tó rí bíi lẹ́tà T, ló yẹ kó wà lẹ́nu àbáwọlé àti àbájáde. Bí omi táǹkì bá jìn tó mítà 1.2, kí ẹsẹ̀ T àbájáde wọnú omi ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, kó lè máa fa omi àárín, kó fi ọ̀rá sílẹ̀ lókè. Kí òkè T náà wà ní ṣíṣí. Kí àbáwọlé fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7.5 ga ju àbájáde lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á máa padà sílé. Táǹkì oníyàrá méjì ló dára jù. Kí yàrá àkọ́kọ́ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ẹ má fojú díwọ̀n táǹkì. Ẹni 8 tí kálukú wọn ń lo lítà 100 lójúmọ́ ń tú lítà 800 jáde. Bí a bá fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí lítà 40 fún ẹnì kan lọ́dún, ọdún mẹ́ta á mú lítà 960 wá. Lápapọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,800. Ẹ kọ́ ọ fún 2,500, àlejò ò kúkú tán nílé wa. Omi òjò láti orí páànù ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá.

Páìpù ìǹṣì 4 gbọ́dọ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ní ìǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Tó bá tẹ́jú jù, ìgbẹ́ á jókòó sínú rẹ̀.

Ti kànga ló le jù. Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín rẹ̀ àti soakaway, bẹ́ẹ̀ plọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó gùn ní 100, ò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju mítà 30 lọ. Ìyẹn ni pé ẹ lè jìnnà sí kànga tiyín kẹ́ ẹ sì gbẹ́ soakaway sídìí tẹni ẹ̀yìn ọgbà. Ẹ yọjú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀ẹ̀rùn díwọ̀n: omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gòkè lásìkò òjò, ó sì yẹ kí erùpẹ̀ gbígbẹ tó mítà 1.5 kù láàárín ìsàlẹ̀ ihò àti omi náà. Níbi tí àpáta ò jìn, bí Ìdànrè àti ọ̀pọ̀ ibi l'Ékìtì, ihò jíjìn ò dára: ojú ìsán àpáta ni ìdọ̀tí máa gbà lọ tààrà.

Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí apakòkòrò púpọ̀ sínú táǹkì nítorí òórùn. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìgbẹ́ ni yóò pa. Ọ̀rá ọbẹ̀, páàdì àti ọ̀rá ìdìpọ̀ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá kún àkúnya. Ẹ fi aṣọ funfun wé ọ̀pá gígùn, ẹ tì í dé ìsàlẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fà á sókè: ibi tó dúdú ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé. Tí òun àti ọ̀rá tó léfòó bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta táǹkì, ẹ pe ọkọ̀ akógbẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ sínú rẹ̀ fi báàkéètì gbọ́n ọn, ẹ má sì tan ìṣáná lẹ́nu rẹ̀. Gáàsì ibẹ̀ ń pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ó sì sábà máa ń pa ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láti yọ ti àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ béèrè ibi tó ń dà á sí. Bó bá ní etí odò ni, ẹ wá ẹlòmíràn.