Ẹ Má Yọ Ẹ̀gà Sílẹ̀: Àṣìṣe Táwọn Tó Ń Ka Ẹyẹ Máa Ń Ṣe

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ka ẹyẹ n'Ìbàdàn, irú ẹyẹ mọ́kànlá ni mo kọ sílẹ̀, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ẹ̀gbọ́n tó mú mi lọ gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gà ńkọ́?" Abẹ́ ọ̀pẹ la dúró sí. Òkè orí wa ń pariwo bí ọjà, ìtẹ́ ẹ̀gà sì rọ̀ sára imọ̀ ọ̀pẹ bí àdó. Mo ní, "Ẹ̀gà náà lẹ fẹ́ kí n kọ?" Ẹ̀rín pa wọ́n. Mi ò kọ àdàbà náà, mi ò kọ lékeélékèé.

Ká fo ẹyẹ tá à ń rí lójoojúmọ́, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, lójú tèmi òun ló sì burú jù. Ẹ wo bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ. Láti 2015 ni Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ kíkọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis tó wà ní Jos ló sì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà bí ojú àwọ̀n, ojú kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní gígùn àti 9 ní fífẹ̀. Pentad ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan yóò lò tó wákàtí 2, ó kéré tán, yóò sì kọ gbogbo irú ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀ léra, sórí áàpù BirdLasser. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn lẹ́yìn náà ni pé: nínú 100 tó wá láti agbègbè kan, mélòó ni igún wà nínú rẹ̀? Ká ní ó jẹ́ 60 lónìí, tó wá di 20 lọ́dún mẹ́wàá sí i, ọwọ́ ti ba nǹkan. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó kàn sú wa láti máa kọ igún ni, ìṣirò dojú rú nìyẹn.

Igún gan-an lẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Orí òrùlé odò ẹran ni wọ́n máa ń tò sí nígbà tá a wà lọ́mọdé, ta ló ń kọ wọ́n sílẹ̀? Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti ewéko, fi irú igún kékeré yẹn sí ipele tó kángun sí àkúrun nínú igbó. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, ẹnu wa náà ló ń sọ ọ́. Ẹ wá lọ wo àtẹ àwọn lékulẹ́ja.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń ju àkọsílẹ̀ nù tó bá jẹ́ pé ẹyẹ mẹ́rin péré ni wọ́n rí. Ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó sọ ipò igbó tí wọ́n ti gé tán tó mẹ́rin yẹn. Ẹ má sì jáde ní aago mọ́kànlá kí ẹ wá ní ẹyẹ ò sí. Ìdájí ni wọ́n ń ké.

Ẹni tó rí lékeélékèé rẹpẹtẹ lẹ́yìn màlúù ní Oṣù Kejì, tó padà síbẹ̀ ní Oṣù Keje tí kò rí wọn, kó má fi igbe ta. Tí òjò bá ti dé, òkè ọya ni wọ́n ń lọ yé ẹyin sí.

Orúkọ tá a fi ń méfò náà ńkọ́? Ẹyẹ kan wà, ìbátan ẹ̀gà, tó ń jẹ́ Ibadan malimbe. Apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ ló fẹ́ rí i, ìyẹn ni "mo rí i" fi ń pọ̀ ju ẹyẹ náà lọ. Akọ rẹ̀ dúdú, pupa orí rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Èyí tó jẹ́ pé àtàrí àti ẹ̀yìn ọrùn nìkan ló pupa, tí ọ̀fun àti àyà rẹ̀ dúdú, ìbátan rẹ̀ ni. Tí ewé bá bo àyà rẹ̀, ẹ má fi orúkọ kankan ránṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ibi tí odídẹrẹ́ ń sùn sí, ẹ má gbé e sórí Facebook. Láti 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti ka títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kan ti tó fún apẹyẹ. Fóònù lè ti kọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí sínú fọ́tò ọ̀hún láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ pa location rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á.